Rosimẹ́rì Ẹ̀yìnkùlé Alhaji

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹrin, 1999

Alhaji kò jáde lọ kírun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí lónìí. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí, mo ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀, etí mi wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ọkàn mi sì wálẹ̀. Ẹni tó bá rí mi á rò pé bàbá mi ló ń ṣàìsàn. Onílé mi ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ mi, Bàbá Tẹniọlá, ti kú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti kó gbogbo ohun tí a jọ ní lọ, ilé Alhaji Hashim ní Ladi-Lak, ní Bàrígà yìí ni ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ti bi mí pé kí ni mo ń wá.

Isiaq, àkọ́bí rẹ̀, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bí bàbá òun bá ti dákẹ́, títà ni ilé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbọ́ ikọ́ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn.

Rosimẹ́rì, ewé olóòórùn òyìnbó tí mo gbìn sẹ́yìn ilé, tí mo gé lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti tún ń rúwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Gbádégẹṣin wá gba ewé. Kúùkù ni ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island. Òun náà ló fún mi ní ẹ̀ka àkọ́kọ́, tó fi ìwé ìròyìn tútù wé, nígbà tí àwọn tó ń kó o wá fún wọn láti òkè òkun kò kó o wá déédéé mọ́. Ẹran àgùntàn àti pòtétò ni wọ́n ń fi sí. Mo fi sí ọbẹ̀ ẹja nígbà kan, Tẹniọlá ọmọ mi ní ó dà bí ẹni fi ọṣẹ se ọbẹ̀. Láti ìgbà náà, títà ni mo ń tà á, mi ò bá a ṣeré.

Ṣóńṣó ẹ̀ka nìkan là ń gé, ibi tó ṣì rọ̀. Bí ọ̀bẹ bá dé ibi tó ti di igi, kò ní rúwé níbẹ̀ mọ́. Owó ewé yìí ló ń ra kẹrosíìnì àti gaàrí. Owó tí mo ń gbà ní Ṣómólú, nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ká ìwé tí mo tún ń rán an, owó ilé ló ń gbé e mì.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Àkọ́rọ̀ òjò ti dé. Gbogbo ewéko ayé ń yọ̀, tèmi ló ń wá ikú. Rosimẹ́rì kò fẹ́ omi lẹ́sẹ̀, òùngbẹ ló fẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ gbìn ín, mo gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn débi pé àwọn ará ilé ń bi mí bóyá kànga ni. Mo kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí ìsàlẹ̀, mo kó yanrìn etí ọ̀sà Bàrígà lé e, lẹ́yìn tí mo ti ṣan iyọ̀ inú rẹ̀ títí apá fi ro mí. Síbẹ̀, ìdí ọ̀kan dúdú lónìí, ó rà.

Mo wádìí, mo rí i. Amatullah, àbíkẹ́yìn Alhaji tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ń da omi sí i láràárọ̀. Ó rí i pé mi ò bomi rin ín, ó rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Kò sí ẹni tó dàgbà sínú agboolé tí yóò rí ewé aládùúgbò lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní bomi sí i. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ràn mí lọ́wọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Karùn-ún

Isiaq mú ọkùnrin kan wá, aláṣọ funfun, tó gbé téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n wọn iwájú ilé, wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́, wọ́n dé ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà fi bàtà tẹ orí ebè mi, ó ní ibẹ̀ dára fún ilé epo. Alhaji wà nínú yàrá, fèrèsé rẹ̀ sì ṣí.

Isiaq kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ìyá Tẹniọlá, ẹ má fòyà, a kàn ń wò ó ni.” Mi ò tíì fòyà tó bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ọ́. Níbo ni mo fẹ́ kó lọ? Ọ̀dọ̀ Tẹniọlá ní Ìbàdàn, nínú yàrá kan tí òun àti ọkọ àtàwọn ọmọ ń fún ara wọn sí? Àbí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ tó kó àga àti bẹ́ẹ̀dì lọ níṣojú mi? Mi ò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó kọ èyí.

Ara Alhaji yá díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Amatullah gbé àga fún un sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó ti rosimẹ́rì, ó já ewé kan, ó fi ìka rún un, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí Amatullah lọ po ògì, ó pè mí. Ó bi mí bóyá mo rántí pé ìdí kànga ni mo ní kí òun fún mi ní ilẹ̀ lọ́jọ́sí. Mo ní mo rántí, pé ẹ̀yin lẹ wá ní kí n gbìn ín sí àárín yìí. Mo ti rò pé ọ̀làwọ́ ló ń ṣe.

Ó ní, “Ibi tí o gbin ewé rẹ sí yìí ni wọn yóò sin mí sí.”

Ojú mi ló wò tó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó wá jẹ́ kí n máa roko lórí rẹ̀. Ó ní, “Ilẹ̀ tó bá ṣófo, wọ́n á kó búlọ́ọ̀kù sí i. Ilẹ̀ tí obìnrin bá ń tọ́jú lójoojúmọ́, ta ni yóò fọwọ́ kàn án?”

Mo ní ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín. Ó mi orí. Ó ní Isiaq yóò bá òun jiyàn títí òun yóò fi gbà fún un, Amatullah yóò sì máa sunkún lójoojúmọ́. “Ìwọ náà yóò bẹ̀rù, ṣùgbọ́n o lè gbé e. Bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́jọ́ náà, sọ ọ́. Títí di ìgbà náà, má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọlọ́run mi. Láti ọdún méjì ni mo ti ń gé ewé lórí sàréè ẹni tó ń kí mi káàárọ̀, tí mò ń tà á fún àwọn òyìnbó kí wọ́n fi jẹ ẹran àgùntàn.

Ọjọ́rú, 12

Mi ò lè fọwọ́ kan ewé náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Gbádégẹṣin kò mọ ohun tó ń ṣe mí, ewé rẹ̀ ló bá wá. Mo gé e fún un. Ọ̀bẹ wọ inú igi níbi méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Wọ́n búra fún ìjọba alágbádá lónìí. NẸ́PÀ mú iná wá, ìyẹn gan-an tó ìròyìn. Gbogbo ilé kó sínú pálọ̀ Alhaji láti wo tẹlifíṣọ̀n, àwọn tí pálọ̀ kò gbà dúró sójú fèrèsé. Alhaji ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó ń sọ bí òun ṣe dúró ní pápá eré ẹṣin ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ àsíá gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, pé ojú òun ti rí méjì báyìí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí eléyìí jẹ́ èyí tó kẹ́yìn. A ṣe àmín.

Wọ́n ń pariwo ayọ̀ káàkiri àdúgbò pé sójà ti lọ. Èmi kò wo tẹlifíṣọ̀n rárá. Ọrùn Alhaji ni mò ń wò, bó ti tín-ín-rín nínú ọrùn ẹ̀wù tó bá a mu dáadáa lọ́dún tó kọjá. Isiaq jókòó sí apá kejì, ọrùn náà ni òun náà ń wò. Ojú wa pàdé, àwa méjèèjì sì yí ojú wa padà sí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹfà

Òjò látàná. Mo ta ọ̀rá sórí igi mẹ́rin bo ebè náà, atẹ́gùn gbé e lọ sí ilé kejì, mo lọ gbà á padà, mo tún ta á. Nǹkan funfun bí ẹfun ń bo àwọn ewé ìsàlẹ̀. Mo já wọn dànù, mo wọ́n eérú sí ìdí wọn. Kóńgò gaàrí ti di àádọ́ta náírà lọ́jà Bàrígà, ẹni tó sì ń tà á kò jẹ́ kí n fọwọ́ bu èènì sí i.

Alhaji kò dìde lónìí.

Ọjọ́rú, 16

Isiaq wọlé wá bá mi. Kò wọ yàrá mi rí láti ìgbà tí mo ti ń gbébẹ̀. Ó jókòó, ó bèèrè Tẹniọlá, ó bèèrè iṣẹ́. Ó wá ní òun ń rí gbogbo bí mo ṣe ń ṣe sí bàbá òun, òun kì í ṣe abaraámóorejẹ. Òun ní ilẹ̀ ní Ìkòròdú, yàrá wà níbẹ̀, àyè ọ̀gbìn wà. Ó ní kí n má ronú, pé nígbà tó bá tó àkókò, òun yóò kó mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ewé mi.

Ó dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ èyí tó bá wá. Ó ní ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pe bàbá òun, itẹ́ àwọn mùsùlùmí ní Àbàrí ni àwọn ń gbé wọn lọ, ní Èkó, lọ́dọ̀ bàbá tiwọn, lọ́jọ́ náà gan-an. Òun kò sì fẹ́ kí àwọn ayálégbé dá sí i. Mo ní àmín, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí.

Ó lọ tán ni ọ̀rọ̀ Alhaji tó yé mi délẹ̀délẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló ń ta ilé tí sàréè bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀? Bójú bá tiẹ̀ gbà á, ta ni yóò rà á? Bí Alhaji bá sùn sí Àbàrí, ilé ti lọ. Bó bá sùn sábẹ́ rosimẹ́rì mi, ilé dúró, rosimẹ́rì lọ. Isiaq kò mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan. Àbí ó mọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 17

Ìtìjú ni kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ro Ìkòròdú lọ, mo rò ó bọ̀ nídìí iṣẹ́ lónìí, títí mo fi rán ìwé kan lódìlódì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, omi kì í dúró. Rosimẹ́rì á fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Wọ́n gbé Alhaji lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òun padà wálé lónìí. Isiaq bá àwọn dókítà jà, ó bá Amatullah jà, ó wá gbà. Mo rí i lẹ́yìn náà nídìí kànga, ó dúró lásán, kò fa omi kankan. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ìyẹn kò jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ tán lára mi.

Amatullah ní kí n fún òun ní ẹ̀ka díẹ̀, kí òun fi sínú omi gbígbóná sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, nítorí òórùn oògùn ti kún yàrá. Mo gé èyí tó rọ̀ jù fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Keje

Kò wúkọ́ látàárọ̀. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa ìrẹsì tí mo ti ṣà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Àná ni Alhaji kú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Amatullah ló wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, àwa méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ sin ín kó tó di ìrun Jímọ̀. Kí oòrùn tó mú, àwọn ẹbí láti Èkó ti kún ilé, bọ́ọ̀sì tí Isiaq háyà ti dúró sẹ́nu géètì, imú rẹ̀ kọjú síta. Álfà Sùrájù, tó ń ṣíwájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ló wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í tán, Álfà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ ṣì tutù. Ó béèrè pé ta ni ìyá tó ń gbin ewé lẹ́yìn ilé.

 Ẹnìkan nàka sí mi fún un, bí ẹni ń tọ́ka olè.

Ó ní, “Màmá, Alhaji ní kí n tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun, kí n bi yín níbi tí òun ní kí wọ́n sin òun sí. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún èmi. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ẹnu mi ló ti jáde, àwọn èèyàn á ní álfà ń wá ilẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí.”

 Mi ò gbọdọ̀ parọ́ fún ìwé yìí: mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ìkòròdú wà níbẹ̀, ilẹ̀ gíga, ẹni kankan kò sì ní bínú sí mi. Ayálégbé ni mí, ọmọ ìjọ ni mí láàárín mùsùlùmí, opó tí àwọn ẹbí ti lé jáde rí ni mí. Irú mi ṣe ń lanu níbi tí wọ́n ti ń sin òkú olókùú?

Mo ní, “Ẹ̀yìn ilé yìí ni wọ́n ní. Ibi tí mo gbin ewé sí.”

Isiaq jáde láàárín àwọn èèyàn, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò pariwo. Ó ní, “Ìyá Tẹniọlá, ẹ wò mí lójú. Ṣé bàbá mi ló sọ ọ́, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa gbé inú ilé?”

Mo ní, “Méjèèjì ni, Bọ̀dá Isiaq. Mo fẹ́ máa gbé inú ilé. Bàbá yín sì sọ ọ́.”

Kùn-ùn-kùn-ùn bẹ̀rẹ̀. Isiaq ní ẹ̀sìn kò fẹ́ kí wọ́n máa sin òkú sínú ilé, pé ibi tí àwọn mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wọn wà ló yẹ bàbá àwọn. Álfà kò kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n àgbà tí wọ́n sin sínú ọgbà ara rẹ̀ ní Bàrígà yìí pọ̀, òun kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ tí òun yóò fi tẹ ọ̀rọ̀ òkú mọ́lẹ̀. Àǹtí Ràfíátù, àbúrò Alhaji, tó ti darúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ló wá parí rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ń parọ́ kì í jẹ́wọ́ èrè tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ṣọ́bìrì.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀. Amatullah kúnlẹ̀ tì mí, ó bi mí pé ibo ni òun yóò gé. Mo ní gbogbo rẹ̀. A gé ṣóńṣó, a gé igi, mo fi ọwọ́ mi fa gbòǹgbò wọn tu. Gbòǹgbò náà funfun, ara rẹ̀ le, kò sí èyí tó rà. Epo ewé kún ọwọ́ wa, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá kan. Àwọn tó ń gbàdúrà níwájú ilé ń yí imú káàkiri. Mo sunkún, mi ò sì mọ bóyá Alhaji ni mo ń sunkún fún tàbí ewé.

Nínú oṣù Keje yìí, ihòkíhò tí wọ́n bá gbẹ́ ní àdúgbò wa, omi ló ń kún un. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti gbé korobá dání láti máa gbọ́n ọn. Wọ́n bá yanrìn, wọ́n bá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, wọ́n kó o jáde, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi kò sun. Ó gbẹ títí wọ́n fi gbé Alhaji sínú rẹ̀. Álfà Sùrájù wo korobá tó ṣófo, ó wò mí. Isiaq ló wọ inú ilẹ̀ lọ gba bàbá rẹ̀, àkọ́bí ló ní in. Nígbà tó jáde, yanrìn mi wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Gbádégẹṣin wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bá òkú nílé, ó yí padà. Mo kó gbogbo ẹ̀ka tí mo sá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un, ó pọ̀ ju èyí tó gbà rí lọ. Ó ní ó ti gbẹ díẹ̀, àwọn yóò ṣe é lò. Ó ti lọ tán kí n tó rántí pé mi ò dá ẹyọ kan sí fún gbígbìn.

Ọjọ́rú, 28

Isiaq kò kí mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Amatullah ní ó ṣì ń bá aláṣọ funfun náà sọ̀rọ̀, pé ó ní orí sàréè ṣeé dà kọ́ǹkéré bò, pé ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ kò ní wo ìyẹn.  Mo ti di àwọn aṣọ mi kan sínú àpò. Mo tú wọn. Mo tún di wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹjọ

Wọ́n wá lónìí, Isiaq àti ọkùnrin náà. Mo gbọ́ ohùn wọn níwájú ilé, mo sì ti ilẹ̀kùn mi, mo dúró sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sẹ́yìn. Mo ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan fi gbà á ju “Olúwa” lọ. Mo rí wọn tí wọ́n yọ sí ẹ̀yìnkùlé, téèpù wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ó rí òkìtì ilẹ̀. Ó dúró. Ó bi Isiaq pé ta nìyẹn. Isiaq wo ilẹ̀, ó ní, “Bàbá mi ni.” Èmi tí mo wà lẹ́yìn fèrèsé mọ̀ pé kò ní lè sọ ti kọ́ǹkéré mọ́, ohùn rẹ̀ ti já.

Ọkùnrin náà fi téèpù sápò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì sórí koríko, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbàdúrà fún Alhaji títí ó fi parí. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó bọ Isiaq lọ́wọ́, ó kí i pé kú àṣẹ̀yìndè. Kò béèrè ilé mọ́.